Pẹ́ǹtì Tó Dé Lẹ́yìn Ikú Ìyá Alágogo

Àbúrò bàbá mi obìnrin kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ní oríta iwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ wọn sọdá nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù gbá wọn, tàwọn taṣọ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ìlà funfun tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sọdá ti dé ojú títì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà: ikú ló kọ́kọ́ dé, kí ìlà tó dé.

Aránṣọ ni wọ́n. Ìyá Alágogo ni àdúgbò ń pè wọ́n, torí kò síbi tí wọn kì í ti í lu agogo kẹ̀kẹ́ wọn, kódà lẹ́nu ọ̀nà wa bí oúnjẹ bá pẹ́. Abẹ́rẹ́ kì í wọ́n láyà aṣọ wọn. "Rọra dì mọ́ mi o," wọ́n á ní, "òòrẹ̀ ni mí." Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo jókòó sí lọ ilé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ tí mo gbàgbé ìwé sílé, wọ́n ní, "Kẹ̀kẹ́ mi ò mọ ẹ̀yìn-ín rìn. Lọ fi orí kàwé lónìí."

Orí yẹn ni mo fi kàwé dé yunifásítì. Ọdún kìíní ni mo ṣì wà, ẹ̀rù sì máa ń bà mí láti nawọ́ ní kíláàsì. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi pe káńsù lẹ́jọ́? Bóyá mo ṣì í. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọ̀gá tó ń bójú tó títì ní káńsù wá kí wa kú ọ̀fọ̀. Ó ní, "Ọdún tó kọjá la ti kun ìlà síbẹ̀. Bóyá ìyá náà ò fara balẹ̀ wòye ni."

Ìyá bàbá mi gbójú sókè. "Ọdún tó kọjá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo wa ń hu ewú, pẹ́ǹtì tiyín ń ṣọmọge."

Ọ̀gá náà ní kí wọ́n fún òun lómi.

Mo lọ sí oríta náà. Níbi tí ọkọ̀ ti wọ́ kẹ̀kẹ́ lọ, pẹ́dà rẹ̀ ha ojú títì, ó sì fi ọgbẹ́ gígùn sílẹ̀. Bí ìlà bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣebí irin ni ì bá ya pẹ́ǹtì? Pẹ́ǹtì ló wọ inú ọgbẹ́ náà lọ, ó funfun dé ìsàlẹ̀. N kò fọkàn tán ojú ara mi, mo pe bàbá mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ìka tọ ojú ọgbẹ́ náà. "Wọ́n kun àbúrò mi mọ́lẹ̀," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Gbogbo wa la gbọ́ ọ lórí rédíò pé ìjọba fún káńsù lówó kí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ lè rìn láìfòyà. Káńsù ní àwọn ti ná an bó ṣe yẹ. Gègélé tí yóò dín eré ọkọ̀ kù dà? Ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ dà? Àbí abẹ́ pẹ́ǹtì làwọn náà wà? Àwọn òbí bẹ̀bẹ̀ títí fún ìlà yìí, káńsù ní kò sí pẹ́ǹtì. Báwo ni òkú ṣe tètè rí i gbà?

Ní báyìí, káńsù fẹ́ da ọ̀dà títì tuntun bo gbogbo oríta náà, tìlà tọgbẹ́, wọ́n ní láti fi bu ọlá fún olóògbé. Ọlá wo? Ẹ̀yin òbí, ẹ má tíì dúpẹ́. Ẹ dúró síbẹ̀, kí katakata wọn má kọjá. Kí olùwádìí tí kì í jẹun ní káńsù kọ́kọ́ wá fi ìka tirẹ̀ bọ inú ọgbẹ́ yẹn. Kí ọ̀gá tó pàṣẹ pẹ́ǹtì dúró tì í, kó sọ, lójú ìyá tó bí Ìyá Alágogo, ọjọ́ tí wọ́n kùn ún àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi bò.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n da ọ̀dà wọn.