Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì Tí Bàbá Mi Fọkàn Tán

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹkún ni mo ń sun bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ọdún kẹta rèé tí Bàbá mi ti ń gbàgbé nǹkan. Mo lọ kí wọn ní Omifunfun láàárọ̀ yìí, mo sì ka Sáàmù fún wọn nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tuntun tó wà lórí fóònù mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá wọn jiyàn pé òun ló péye ju tiwọn àtijọ́ lọ.

Wọ́n mi orí. "Kò rí bẹ́ẹ̀."

Mo bá mú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n fún wọn lẹ́bùn níléèwé lọ́dún òmìnira. Bí mo ṣe ka ìlà kìíní, wọ́n gbà á lẹ́nu mi, wọ́n kà á parí láìwo ìwé. Ni wọ́n bá dìde, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn.

"Ṣé ó tọ̀nà, Tísà?"

Èmi, àbígbẹ̀yìn wọn!

Mo ní, "O káre. Jókòó."

Mi ò sọ "o" fún bàbá mi rí láyé mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó.

Mi ò jiyàn mọ́. Bíbélì tiwọn ni màá máa kà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n máa jẹ́ Tísà, àbí kí n sọ pé ọmọ wọn ni mí?