Ẹnu Ìyàwó Bàbá Oníbọ́tà

Ẹni tó bá ń wá ilé Bàbá Oníbọ́tà kò nílò kí wọ́n júwe rẹ̀ fún un. Imú rẹ̀ ni yóò mú un débẹ̀. Bó bá ti yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe, òórùn bọ́tà á ti pàdé rẹ̀ lọ́nà, á bá a gun àtẹ̀gùn dé ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé tó wà lókè pátápátá. Ìyàwó bàbá náà ló máa ń ṣílẹ̀kùn, pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, torí pé aránṣọ ni. Á gbé páálí táàtì, àkàrà òyìnbó tí ọkọ rẹ̀ ń yan, fún oníbàárà, á ní ó dàbọ̀, á padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ táàtì kò kàn án jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ni ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, lábẹ́ ọ̀gá Faransé kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá yìí ló kọ́ ọ ní táàtì eléso: kí á fi bọ́tà tútù po ìyẹ̀fun, kí á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú páànù, kí á da kọ́sítáàdì ẹyin àti wàrà sí i, kí á wá to ápù tàbí péà tí a gé féléfélé lé e lórí bí ìpẹ́ ẹja. Ó kọ́ ọ ní páì oníyọ̀ náà, èyí tí wọ́n ń fi àlùbọ́sà, olú àti wàràkàṣì sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti òtẹ́ẹ̀lì pa, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọwọ́ lẹ́rán, òun kó páànù rẹ̀ sínú àpò, ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ó sì gbé iṣẹ́ wálé.

Ẹwà náà ò tètè hàn sí ìyàwó rẹ̀. Ilé ìdáná kékeré ni wọ́n ní, kọ́tìnì kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ófùn àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyẹ̀fun ń bà lé aṣọ àwọn oníbàárà. Obìnrin kan tó gba búláòsì lọ́wọ́ rẹ̀ padà wá fẹjọ́ sùn pé láti ìgbà tí òun ti wọ̀ ọ́, ajá ń tọ òun lẹ́yìn láàárín ìgboro. Ìyàwó bínú, ó sì rẹ́rìn-ín, ó sọ ọkọ rẹ̀ ní Ọ̀gá Ààrò. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn nǹkan dídùn. Bí ọkọ rẹ̀ bá bu táàtì fún un, á jẹ díẹ̀ létí, á ní ó dáa, ó parí. Ọkọ rẹ̀ kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Ó máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ẹnu aránṣọ wà fún dídi abẹ́rẹ́ mú ni.

Ọ̀fun ọkọ rẹ̀ ni àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bí ìgbà tí egungun ẹja há, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ há, nígbà tó sì fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Wọ́n fi ẹ̀rọ onítànṣán jó ọ̀fun náà. Ó bọ́ lọ́wọ́ ikú nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi gba ẹ̀mí rẹ̀ kò kéré. Ohùn rẹ̀ lọ, ó ku kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò lè gbé nǹkan mì mọ́. Rọ́bà kan tí wọ́n fi sí ikùn rẹ̀ ni oúnjẹ olómi ń gbà wọlé. Ahọ́n rẹ̀ pàápàá kú sí i lẹ́nu. Iyọ̀, ṣúgà, ọsàn wẹ́wẹ́ tó kan bí ọtí kíkan, kò sí èyí tó yàtọ̀ sí omi lẹ́nu rẹ̀.

Ìyàwó rò pé ọ̀rọ̀ ófùn ti tán nìyẹn. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dé láti ilé ìwòsàn tí ó gbọ́ tí ṣíbí ń kan tábìlì nílé ìdáná. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ṣe ń pè é láti ìgbà tí kò ti lè pariwo. Ó bá a níbẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun dé ìgúnpá. Ó ní kó lọ sinmi. Ọkọ rẹ̀ ní ọwọ́ òun ò ṣàìsàn. Ó wá na ṣíbí kọ́sítáàdì sí i.

"Kí ló ṣe é?"

"Ó dáa."

"'Ó dáa' kì í ṣe adùn. Sọ ohun tó ń ṣe lẹ́nu rẹ."

 Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ó tún un tọ́ wò, ó dijú, ó sì sọ ọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ. Ó ní ó ń fún òun lábẹ́ apá bí aṣọ tó kéré.

Ọkọ rẹ̀ wò ó títí. Lẹ́yìn náà èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀rín tí kò ní ohùn, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọsàn ló pọ̀ jù. Ó fi wàrà kún un, ó tún na ṣíbí. Ìyàwó ní ó ti tú báyìí, ṣùgbọ́n ó kàn ń ṣàn lọ bí aṣọ tí wọn kò ṣẹ́ etí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fi iyọ̀ bíńtín sí i. Adùn náà sì dúró síbi tó yẹ kó dúró.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn oníbàárà padà, òórùn bọ́tà padà sórí àtẹ̀gùn. Bí ṣíbí bá ti kan tábìlì, obìnrin náà á fi aṣọ sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, á lọ tọ́ nǹkan wò. Ó ń sọ̀rọ̀ ìgbátí, ó ń sọ̀rọ̀ àwọ̀tẹ́lẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ aṣọ tí omi àkọ́fọ̀ sún kì. Gbogbo rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń túmọ̀ sí bọ́tà àti ṣúgà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn gbé. Wọ́n ti tọ́ ọmọbìnrin kan títí ó fi di olùkọ́ nílùú mìíràn. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò rántí ìgbà kan tí ọkọ rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, tó ń dúró de gbólóhùn tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó rí i pé inú òun ń dùn, ojú sì ń ti òun nítorí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò. Dókítà tó máa ń bá bàbá náà ṣeré kò ṣeré lọ́jọ́ náà. Ó ní wọn yóò tún yẹ ọ̀fun náà wò dáadáa, ó ní kí wọ́n padà wá. Wọ́n padà sílé. Ojú bàbá fàro, kò sì là títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjọ́ kejì ni Ìyá Kẹ́míìsì, tó ń ta oògùn ní ìsàlẹ̀ òpópónà, fẹ́ gba táàtì péà fún ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀. Bàbá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Agolo iyọ̀ àti ti ṣúgà jọ ara wọn. Látijọ́, ó máa ń fi ìka kan tọ́ ọ lá kó tó bù ú. Ó tọ́ ọ lá lọ́jọ́ náà bí ìṣe rẹ̀, ó sì gbàgbé pé ahọ́n òun ò lè sọ nǹkan kan fún òun mọ́. Nígbà tó parí, tí péà tò yí ká lórí rẹ̀, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó kan tábìlì, ó fún ìyàwó rẹ̀ ní ìyókù kọ́sítáàdì nínú ṣíbí.

Iyọ̀ ni. Ó ká a láhọ́n kò. Ó gbójú sókè láti sọ ọ́, ó sì rí ojú ọkọ rẹ̀. Ìyẹ̀fun wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ojú náà sì ti là, ó ń tàn bí ojú ẹni tí wọn kò sọ ohunkóhun fún nílé ìwòsàn. Obìnrin náà gbé iyọ̀ mì.

"Ó wọ̀ mí bó ṣe yẹ," ni ó wí. "Kò fún, kò sì ṣò."

Ohun tó rò ni pé ọkọ òun yóò lọ sùn lẹ́yìn oúnjẹ, òun á da nǹkan náà nù, òun á wá irọ́ mìíràn pa fún Ìyá Kẹ́míìsì. Bàbá ò sùn. Ó jókòó ti táàtì rẹ̀ bí ìyá ọmọ tuntun, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú páálí, tó so okùn rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Kẹ́míìsì gbé e lọ, obìnrin náà sáré tẹ̀ lé e dé àtẹ̀gùn. Ṣíbí kan tábìlì lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró, ó padà wọlé.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Irọ́ tiẹ̀ kò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Ìyá Kẹ́míìsì kan ilẹ̀kùn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé òun ò wá jà o, Àǹtí. Ìyá òun rẹ́rìn-ín nígbà tí gbogbo wọn jọ tu ú sílẹ̀ nítorí iyọ̀ inú rẹ̀. Òun kàn ní kí òun sọ fún wọn kí irú táàtì bẹ́ẹ̀ má lọ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní mú un ní pẹ̀lẹ́. Obìnrin náà dúpẹ́, ó bẹ̀ ẹ́, ó tilẹ̀kùn. Nígbà tó yíjú padà, ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fọwọ́ di kọ́tìnì mú.

"Iyọ̀ ni?"

"Iyọ̀ ni."

"Ṣé o ò mọ̀ ọ́n lẹ́nu ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n." Ó ní ojú rẹ̀ ni òun wò, òun kò fẹ́ bà á nínú jẹ́ lọ́jọ́ náà.

Bàbá wá àga, ó jókòó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó gbọ́.

"Táàtì oníyọ̀ ò pa ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni mo fi ń jẹun. N kò ní òmíràn."

Kò bá a jà. Ìbá tilẹ̀ jà, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n kò wọ ilé ìdáná mọ́. Ófùn tutù, àtẹ̀gùn di àtẹ̀gùn lásán. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Obìnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò gbìyànjú láti kó o. Ó ń ránṣọ, ó ń tú u, nítorí ojú abẹ́rẹ́ ń lọ kọ́lọkọ̀lọ. Nígbà tó yá, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ṣíbí kan tábìlì. Ó yára dìde débi tó fi gbá sísọ́ọ̀sì ìgéṣọ ṣubú. Táàtì ápù ni. Ọkọ rẹ̀ kò wo ojú rẹ̀, ṣíbí ló ń wò.

"Ó dùn jù," ni ìyàwó sọ. "Ó dà bí aṣọ tí wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ bò títí a ò fi rí aṣọ mọ́."

Bàbá mi orí, ó da ọsàn sí i. Àforíjì kankan kò tún sí láàárín wọn ju ìyẹn lọ.

Èsì àyẹ̀wò jáde. Dókítà pe ìyàwó sí kọ́ríídọ̀, ó sì sọ ohun tí kò lè sọ lójú aláìsàn. Nínú bọ́ọ̀sì, bàbá ń wo ìta. Wọ́n gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sinmi. Ìgbà tí wọ́n jókòó tán ni bàbá bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ni dókítà sọ fún un.

Oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ tútù ló sá wá sí ìyàwó lẹ́nu: pé oògùn tuntun wà, pé Ọlọ́run ò sùn. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó bó ṣe máa ń wò ó nígbà tí ṣíbí bá wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ní ó ti tàn kálẹ̀. Ó ní kò sí ohun tí wọ́n tún lè ṣe. Ó ní kí n ránṣẹ́ sí ọmọ wa."

Bàbá mi orí. Ó gbá a lọ́wọ́ mú, ọwọ́ tirẹ̀ tutù. "O ṣeun," ni ó wí.

Ọmọ wọn ń bọ̀, bàbá ní páì àlùbọ́sà ni òun fẹ́ fi pàdé rẹ̀. Kò lè dúró mọ́, ó jókòó sórí àga nílé ìdáná, ìyàwó rẹ̀ ló ń pò ó. Ọwọ́ aránṣọ gbóná, bọ́tà ń yọ́ mọ́ ọn níka. Bàbá ní kó tẹ ọwọ́ bọ omi tútù. Ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́ títí ìka rẹ̀ fi kú, síbẹ̀ ìyẹ̀fun náà ń ya. Ó lẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń lẹ ṣòkòtò. Bàbá rí i.

Ọmọ dé, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó rí bó ṣe fúyẹ́ tó. Wọ́n gé páì fún un. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú omi lójú, ó ní ó dùn, Bàbá mi, ó dùn gan-an ni. Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò jinná," ni obìnrin náà wí. "Etí rẹ̀ sì le bí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì."

Ọmọ rẹ̀ wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ yí. Ṣùgbọ́n èjìká bàbá ti ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́, ó sì di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú títí ikọ́ náà fi dẹwọ́. Kò tún wọ ilé ìdáná lẹ́yìn ọjọ́ náà. Orí bẹ́ẹ̀dì ló dákẹ́ sí láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń fi òwú tutù pa á ní ètè.

Ọmọ gbé ófùn lọ. Ìyá rẹ̀ ló ní kó gbé e. Kò fẹ́ kí ófùn náà máa wo òun. Àwọn oníbàárà ṣì ń gun òkè wá nígbà míì, àwọn tí kò gbọ́. Obìnrin náà á sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé ẹni tó ń ṣe táàtì ti lọ, wọ́n á sì dúró díẹ̀, wọn kò ní mọ ohun tí wọn yóò ṣe pẹ̀lú ọwọ́ wọn.

Oúnjẹ ló wá ń ni ín lára. Kò rò pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ohun yòówù tó bá fi sẹ́nu, tíì àti búrẹ́dì lásán, ọ̀rọ̀ á ti dìde nínú rẹ̀ láti sọ bó ṣe rí, pé tíì yìí tẹ́ẹ́rẹ́ jù, pé ṣúgà yìí kò dé ìdí, á sì padà jókòó síbi tó ti dìde. Ọmọ rẹ̀ máa ń pè é lórí fóònù ní alaalẹ́, á bi í bóyá ó ti jẹun. Á ní òun ti jẹun. Ọmọ á ní ó dáa, Mọ́mì. Ìbéèrè náà kì í kọjá ibẹ̀.

Nígbà tí òtútù dé, ó wọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sílé ìdáná, síbi tí ófùn wà tẹ́lẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ibẹ̀ pọ̀ ju ti yàrá lọ. Ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ báyìí.