Òwú Pupa Lára Aṣọ Aláṣọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Ṣógúnlé níbí, iṣẹ́ àgbàfọ̀ ni ìyá mi ń ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni gbogbo wọn ń kó wá. Orí lásán ni ìyá mi fi ń dá a mọ̀ pé ti lágbájá nìyí. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti ń ṣì í mú, wọ́n ń kó ti ẹnìkan fún ẹlòmíràn, àyà mi sì ń já. Bí oníbàárà bá sá, kí la fẹ́ jẹ?

Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo rán òwú mọ́ abẹ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan: pupa fún ilé kan, dúdú fún òmíràn. Yéè! Ọgbọ́n ọmọdé! Mi ò rò ó pé èèyàn kì í fi òwú sára aṣọ aláṣọ láìsọ.

Ọkùnrin kan láti Àjàó Estate, tó ń kó aṣọ wá jù lọ, ló kọ́kọ́ rí i. Ó figbe ta: "Ìyá, ta lẹ fẹ́ fi òwú pupa dè?" Àwọn ará àdúgbò ti ń yọjú. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo rán an.

Ìyá mi ò lù mí. Wọ́n mú abẹ́rẹ́, wọ́n rán òwú pupa kan náà mọ́ ọrùn bùbá wọn lójú rẹ̀. "Bó bá jẹ́ ibi ni, kó kọ́kọ́ bá èmi."

Ọkùnrin náà kó aṣọ rẹ̀ lọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, a ò rí i. Àfi bó ṣe dé pẹ̀lú ẹrù méjì: "Ẹ fi òwú sí ti ìyàwó mi náà." A ò ṣi aṣọ ẹnikẹ́ni mú mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ayé ti yí o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi obìnrin ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù báyìí. Nọ́ńbà ló ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù tó kọjá ló ti ń fi fóònù ka ìṣẹ́jú tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń lọ aṣọ, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ ti ń falẹ̀. Lánàá, obìnrin tó ti ń lọ aṣọ fún wa látayébáyé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi ti lé sójú rẹ̀: "Màmá, ṣé wọ́n fẹ́ lé mi ni?"

Àyà mi tún já bíi tọjọ́sí. Mo pe ọmọ mi. Mo ní kó mú áyọ́ọ̀nù, kó gbé fóònù náà fún obìnrin yẹn, kó sì jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ka ìṣẹ́jú tí òun fúnra rẹ̀ fi ń lọ aṣọ.