Bí Mo Ṣe Túfọ̀ Bàbá Wa Lórí Kọ̀ǹpútà

Ó ku bí ọdún kan ká wọ ẹgbàá ọdún nígbà tí bàbá wa kú ní Ìgbó-Ọrà, lọ́jọ́ Jímọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín. Mi ò sunkún. Mo bá wọn gbẹ́lẹ̀, mo fọwọ́, mo jẹun. Àwọn èèyàn ń kí mi, mo ń ṣe "àmín" bíi rédíò tí wọ́n gbàgbé láti pa.

Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Jámánì, ọmọ ibẹ̀ ló fẹ́. Òun nìkan ni kò tíì gbọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, wọn kì í ju ọ̀rọ̀ òkú lu èèyàn. Àgbà méjì ló máa ń lọ túfọ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè ọ̀nà, títí ara onítọ̀hún á fi sọ fún un. Àgbà wo la fẹ́ rán lọ sí Jámánì? Nọ́ńbà fóònù tó fún wa ò lọ mọ́. Àdírẹ́sì ímeèlì tó fi sílẹ̀ nígbà tó wálé ló kù.

"Ìwọ lo mọ̀wé nínú wa," ni màámi wí.

Mo ka ìwé mẹ́fà, mo wọ iléèwé Mọ́dà, Mọ́dà wò mí, a pínyà. Ẹni tí wọ́n ń pè lọ́mọ̀wé nìyẹn.

"Má fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ o. Ìyàwó ẹ̀ á ti kà á kó tó tibi iṣẹ́ dé. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹni tí ò mọ bàbá yín ni yóò sọ ọ́ fún un. Ṣáà jẹ́ kó gbọ́ ṣáájú ọjọ́ kẹjọ, kóun náà lè ṣàdúà níbi tó wà."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo wọ mọ́tò lọ Abẹ́òkúta, torí mi ò gbọ́ pé ilé kọ̀ǹpútà wà níbì kankan ní Ìbàràpá nígbà náà. Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa wí, mò ń tẹ̀ ẹ́."

Mo kọ́kọ́ kí i. O kú iṣẹ́. O kú òtútù. O kú àjò.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí i títí ilẹ̀ á fi ṣú ni?"

"Mo ti dé ibẹ̀. Kọ ọ́ pé: Bàbá wa, ó kú lọ́jọ́ Jímọ̀."

Ó dá ẹnu dúró. "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Àmọ́ kò sí àmì ohùn lórí ẹ̀rọ yìí o."

"Ta ló ń wá àmì? Tíṣà nà mí títí lórí àmì ohùn. Jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀."

Ó fi hàn mí: *O ku ise. O ku otutu. O ku ajo. Baba wa o ku lojo Jimo.* Mo ní ó dáa. Ó tẹ nǹkan kan, ó ní ó ti dé Jámánì. Mo wo òde. Mọ́tò tó gbé mi wá ò tíì kún.

Ó ní nígbà míì wọ́n máa ń tètè fèsì. Mo lọ ra búrẹ́dì. Kí n tó dé, èsì ti wà níbẹ̀. Ó kà á fún mi:

"Ẹ̀gbọ́n mi, alihamudulilahi! Àyà mi já nígbà tí mo rí i pé ẹ kọ̀wé. Ta ló ń pa irú irọ́ yẹn, pé bàbá kú lọ́jọ́ Jímọ̀? Ẹ bá mi kí wọn dáadáa. Ẹ ní ọmọ mi ti ń pe 'bàbá àgbà'. À ń bọ̀ ní Iléyá, èmi, ìyàwó àti ọmọ."

"Bọ̀ọ̀dá," ọmọbìnrin náà wí, "wọ́n kà á sí 'ò kú'."

"Kí ni?"

"Bàbá wa ò kú. Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn."

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Èmi tí wọ́n ní kí n lọ túfọ̀, mo ti jí òkú dìde. Òyìnbó ṣe ẹ̀rọ tó lè gbé ohùn mi dé Jámánì kí n tó ra búrẹ́dì, ẹ̀rọ ọ̀hún ò mọ "ó" yàtọ̀ sí "ò". Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà jáde lẹ́nu mi bíi ti ẹlòmíì.

"Ẹ jẹ́ ká kọ 'ti ku'. Ìyẹn ò ṣeé kà sódì."

Ọkùnrin kan tó ń dúró de àga sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ra kọ̀ǹpútà ọ̀hún ni?"

"Ẹ ní sùúrù, bọ̀ọ̀dá," ni ọmọbìnrin náà dá a lóhùn. "Wọ́n ń túfọ̀ ni."

Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n fi àbúrò mi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Jámánì, bàbá wa ṣì wà láàyè, wọ́n á sì máa ra aṣọ Iléyá fún un. Àmọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, gbogbo wa á wà níbi àdúà, òun á wà ní ìsọ̀ aláṣọ.

"Kọ ọ́," ni mo wí.

*Baba ti ku. A ti sin won.* Mi ò kí i.

A dúró. Mo jẹ búrẹ́dì náà tán. Èsì kankan ò wá.

Mo délé, màámi jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé ó ti gbọ́?"

"A ti sọ fún un."

"Kí ló wí?"

Mo fún un ní èyí tí mo ní. "Ó ní òun, ìyàwó àtọmọ ń bọ̀ ní Iléyá."

Màámi dìde. Ó pe ìyàwó mi, ó ní kó bá òun kó ẹrù kúrò ní yàrá bàbá, kí àwọn àlejò lè rí ibi sùn. Èmi ni mo gbé bẹ́ẹ̀dì bàbá jáde.