Nọ́ńbà Mọ́kànlá àti Àwọn Ọ̀gá Kọ́nà

Pápá tí wọ́n ti ń sáré mọ́tò lẹ́bàá Baytown, nítòsí Houston, kò sí mọ́. Wọ́n ti wó ìjókòó àwọn òǹwòran, wọ́n ti ha ojú ọ̀nà rẹ̀ kúrò, ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Àwọn tó mọ̀ pé mo máa ń lọ síbẹ̀ ń bá mi kẹ́dùn bí ẹni pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ mí. Kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu. Ká ní wọ́n fún mi ní katakata ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá wó o.

Fún ẹni tí kò débẹ̀ rí, ojú ọ̀nà roboto kékeré kan ni, ọlọ́dà, tí ògiri kọnkéré yí i ká. Kì í ṣe irú eré ńlá tí wọ́n ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n. Mọ́tò àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni lè rà ni wọ́n fi ń sáré. Wọ́n á tú àga àti gíláàsì rẹ̀ dànù, wọ́n á jó irin yí inú rẹ̀ ká bí àgò adìẹ kí ó má baà tẹ awakọ̀ pa, wọ́n á wá kun nọ́ńbà gàgàrà sára ilẹ̀kùn. Òṣìṣẹ́ làwọn awakọ̀ náà. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Pasadena àti Baytown, ìyẹn àwọn tí ọrùn wọn bá ṣì ń yí. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé nìkan ni wọ́n ń jọba. Nọ́ńbà ara mọ́tò ni gbogbo ayé fi ń pè wọ́n, òun náà ni màá fi pè wọ́n níbí.

Nọ́ńbà Mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi. Ẹ̀rọ ló ń tún ṣe nílé ìfọpo ní Baytown, òun ló sì mú mi wá sí Houston. Èmi ni mo ń ṣe ojú fún un. Awakọ̀ tó wọ akoto, tó de ara rẹ̀ mọ́ àga, kò lè yíjú wẹ̀yìn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró lókè, kí ó máa fi rédíò sọ fún un ẹni tó ń bọ̀ àti ibi tó ń gbà bọ̀. Yorùbá là ń sọ lórí rédíò tiwa. Àwọn yòókù ń gbọ́ wa, wọ́n á máa ta etí sí i, kò sì yé wọn rárá.

Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ọ̀wọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, màá ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra, ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín." Kí n tó sọ ọ́ tán, ẹni náà á ti gbá a. Lọ́jọ́ kan, ó fi ìbínú jáde nínú mọ́tò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wó.

"Ṣé ọ̀wọ̀ lo fẹ́ fi pa mí ni?" ló ní. "Tí mo bá ti wọ akoto, no more 'ẹ'. Inú! Ìta! Dúró! Ó ti ṣí! Finish."

Ó pẹ́ kó tó mọ́ mi lára. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní "ó" nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Ẹni tí kò bá dùn mọ́ nínú, kí ó lọ bá a sọ ọ́.

Mo rí awakọ̀ níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Nọ́ńbà Ogójì, òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń jó irin ní Pasadena, kúkúrú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá wà lẹ́yìn rẹ, kò ní gbá ọ. Á kàn máa yọ imú mọ́tò rẹ̀ sí ọ ní gbogbo kọ́nà títí ọkàn rẹ á fi pòrúurù, ìwọ fúnra rẹ lo máa ṣí ọ̀nà fún un. Nọ́ńbà Mẹ́jọ ńkọ́? Ọmọ Mẹ́síkò ni, ọkọ̀ tó bàjẹ́ lórí freeway ló ń wọ́ jẹun. Ẹ̀gbẹ́ ògiri lòun máa ń gbà, níbi tí táyà kì í ti í di ilẹ̀ mú, tí gbogbo ènìyàn ń sá fún. Á gba àárín ògiri àti mọ́tò rẹ kọjá, ẹ ò ní fara kanra. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, mo sì fẹ́ràn láti máa wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ sùúrù lára Ogójì, ó kọ́ ìgboyà lára Mẹ́jọ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í borí àwọn méjèèjì. Wọn ò bínú. Táyà rẹ̀ á bẹ́, Ogójì á yí tirẹ̀ wá fún un láti inú ọkọ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá há a mọ́ ní kọ́nà, Ogójì á dẹsẹ̀ lórí iná, á dín eré kù, kí ẹ̀gbọ́n mi lè ráyè wọlé síwájú òun. Àṣà wọn nìyẹn, bí ọ̀rẹ́ ṣe ń ṣe fún ọ̀rẹ́. Tí eré bá parí, wọ́n á jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀gbọ́n mi á máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Èmi náà gbà pé wọ́n fẹ́ràn wa. Ojú mi ò tíì là nígbà náà.

Àwọn tiwa ńkọ́? Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, yẹ̀yẹ́ ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ń fi í ṣe. Wọ́n ní ẹni tó yẹ kó máa wá ilé sí Fulshear, níbi tí gbogbo wọn ń ra ilé tuntun sí, ló ń kó panti mọ́tò jọ. Àfìgbà tó ń borí léraléra, tí fọ́tò rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àdúgbò, ló wá di ọmọ wọn. Alága ẹgbẹ́ kó ìgbìmọ̀ rẹ̀ wá sílé. Àgbà ni alága o, ṣùgbọ́n "wọ́n" yẹn kò ní jáde lẹ́nu mi fún un. Ó ní ọdún òmìnira ń bọ̀, àwọn fẹ́ kí mọ́tò náà gbé àsíá Nàìjíríà, kí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé, gbogbo ẹgbẹ́ á sì wá wòran.

Ẹni tó bá rò pé àwa nìkan la ní èèwọ̀, kò tíì dé àárín àwọn asárémọ́tò. Mọ́tò aláwọ̀ ewé ni olórí èèwọ̀ wọn. Wọ́n ní láyé àtijọ́ ó ti pa ènìyàn, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ fi ṣeré mọ́. Bẹ́ẹ̀ àsíá tí wọ́n ń jù kí eré tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, àwọ̀ ewé ni! Ọlọ́run ló mọ bí wọ́n ṣe ń ronú. Ẹ̀gbọ́n mi rọra ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún alága. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Engineer," ó ní, "a ti fi èèwọ̀ àwọn bàbá wa sílẹ̀ ká tó wọ plane. Ti òyìnbó la wá fẹ́ máa pa mọ́? Flag ilẹ̀ wa ni wọ́n ń pè ní bad luck? God forbid!"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo mirí pé rárá. Ṣùgbọ́n ó ti dọ̀bálẹ̀ kí wọn nígbà tí wọ́n wọlé, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, ara rẹ̀ ò sì gbà á láti dìde nílẹ̀ kó wá wo ojú àgbà kó ní òun ò ṣe. "Ẹ ṣé sà," ló ń wí. "A dúpẹ́ sà."

Lọ́jọ́ eré, Ogójì wá wo mọ́tò náà. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó jẹ́ káwọn fi téèpù dúdú bo àwọ̀ ewé náà, pé kò ní pẹ́ rárá. Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè wo ìjókòó, ó rí àwọn ẹgbẹ́ pẹ̀lú kúlà oúnjẹ wọn, ó rí àwọn ọmọ wọn tí wọ́n ń ju àsíá kéékèèké. Ó ní kò ṣeé ṣe. Ogójì wa ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, Mẹ́jọ náà wa tirẹ̀ kúrò. Wọ́n fi wá sílẹ̀ láwa nìkan ní àárín pápá bí ẹni tó ní àrùn tó ń ràn.

Eré ti gbóná nígbà tí wọ́n há ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ogójì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní apá inú. Mo ní, "Inú! Dúró!" Kò dúró. Ó gbà pé Ogójì á dẹsẹ̀, bó ṣe máa ń dẹsẹ̀ fún un ní gbogbo Sátidé. Ó yí ọwọ́ wọlé. Ogójì ò dẹsẹ̀. Imú mọ́tò rẹ̀ kan ìdí ti ẹ̀gbọ́n mi, mọ́tò aláwọ̀ ewé náà yí bìrí, ó forí sọ ògiri. Mò ń pariwo sínú rédíò, "Bọ̀dá mi! Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn!" Gbogbo ọ̀wọ̀ tó ti ń kó sí mi lọ́fun láti ọjọ́ yìí ló tú jáde.

Kí áńbúláǹsì tó jáde ní géètì, àwọn ẹgbẹ́ ti ń kó kúlà wọn sínú bọ́ọ̀tù. Alága wá sí ọsibítù lẹ́ẹ̀kan péré. Ó gba àdúrà gígùn, ó wá ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń sọ pé eré yẹn léwu. Mo fi ẹnu ọ̀nà hàn án. Ogójì náà wá, ó dúró sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Ó ní òun ti kìlọ̀ fún un nípa àwọ̀ ewé. Mo ní, "Àwọ̀ ewé kọ́ ló dínà fún un. Ìwọ ni." Ó dé fìlà rẹ̀, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi máa sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ti lọ. Dókítà ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, pé orí tó bá fọ́ lè sọ èdè tó kọ́ gbẹ̀yìn nù. Yorùbá rẹ̀ ṣẹ́kù, ó kàn ń falẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ní Fulshear ló ń gbé báyìí, láàárín àwọn ilé tuntun tí gbogbo wọn jọra. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ni mò ń wà. Àwọn ọmọ tèmi ò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" àti "màá gbá ẹ létí" lọ, nítorí náà tí mo bá ti jáde, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ títí màá fi dé. Àwọn ẹgbẹ́ ò wá. Àwọn awakọ̀ ò wá.

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n tẹ̀ wá láago pé wọ́n ti ta pápá náà, pé wọ́n fẹ́ pe àwọn ọ̀gá awakọ̀ àtijọ́ jọ lọ́sàn-án Sátidé kan kí wọ́n tó wó o. Mi ò fẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lọ, kò sì tún sí ohun mìíràn tó ń fẹ́ mọ́. Nídìí oúnjẹ, nínú balùwẹ̀, ìbéèrè kan náà ni: "Ṣé wọ́n á pè mí? Ṣé wọ́n á ka èmi náà mọ́ wọn?" Ó ń dùn mí débi pé mo máa ń kúrò níwájú rẹ̀. Mo fọ aṣọ eré rẹ̀. Ó ti fẹ̀ jù fún un.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, a lọ. Wọ́n ń pe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, onítọ̀hún á bọ́ síwájú, á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mẹ́jọ ti sanra, ó dápàárá. Ogójì jókòó sórí àga pẹ̀lú rọ́bà afẹ́fẹ́ nímú, kò lè dá dìde, ibi tó wà ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà fún un. Wọ́n wá pe Nọ́ńbà Mọ́kànlá. Ẹ̀gbọ́n mi dì mí léjìká mú. Ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti fara pa, mi ò rí ẹ̀rín yẹn mọ́.

"Ogójì," ó nawọ́ sí i, "ìwọ lo kọ́ mi ní sùúrù. Kò sí awakọ̀ bíi tìẹ. Mẹ́jọ, mo jí ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ́wọ́ ẹ, o ò bá mi jà. Ọjọ́ yẹn, èmi ni mo wọlé kí ọ̀nà tó ṣí. Àbúrò mi ní kí n dúró, mi ò dúró. Ogójì, ìwọ kọ́. Tó bá ń jẹ ọ́ lọ́kàn, gbàgbé ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n gbádùn ìlú yìí."

Gbogbo wọn kọjú sí mi, kí n sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ogójì ti di apá àga rẹ̀ mú. Ó ti rí ọwọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi nà sí i, ojú rẹ̀ sì ń bẹ̀ mí. Mo ronú ọsibítù. Mo ronú gbogbo Sátidé tí ẹ̀gbọ́n mi fi jókòó sójú fèrèsé mi ní Fulshear, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò kan ilẹ̀kùn.

Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo ní, "Ó ní ẹ ṣeun tí ẹ pè é."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sí ọmọ Yorùbá kankan níbẹ̀ tó lè já mi nírọ́.

Ogójì ní kí ọmọ rẹ̀ gbé òun dìde. Ó wọ́ àgbá afẹ́fẹ́ rẹ̀ wá bá wa. Ó bi mí bóyá ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó pẹ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀. Mo ní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì mú, ó bú sẹ́kún. Ó ní òun rí i lọ́jọ́ náà tó ń wọlé bọ̀. Ó ní òun lè dẹsẹ̀, pé ẹ̀rù àwọ̀ ewé ló ba òun, òun ò fẹ́ kó súnmọ́ òun. Ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó dárí ji òun.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń mirí, kò gbọ́ ẹyọ kan. Ó wá yíjú sí mi.

"Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."