Ọtí Tí Wọ́n Fi Kẹ́ẹ̀gì Omi Gbé Wọnú Ọkọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí gbogbo èbúté ń pè ní Olómi, kì í jẹ́ kí ọtí wọ inú ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ onígbòkun ni. A máa ń fi gbé àwọn tó wá gbafẹ́ káàkiri àwọn erékùṣù fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Òun ni atukọ̀, èmi ni mò ń se oúnjẹ, tí mo sì ń fọ ohun tí wọ́n bá bà jẹ́. Kí a tó gbéra, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń bá wọn sọ: "Ẹ má gbé ọtí wá o. Ọtí wà ní gbogbo erékùṣù tí a máa dé. Ẹ rà á níbẹ̀, ẹ mu ún níbẹ̀, kí ẹ fi ìgò sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín." Lẹ́yìn náà ni yóò tú báàgì wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ènìyàn ní ó ti bá àwọn ọlọ́tí erékùṣù mulẹ̀ ni. Wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìdí wà lóòótọ́, èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi gbá èébì ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ọ́n. Nígbà kan rí, inú gọ́tà ló ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ń kó àwọ̀n ẹja sí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje, á wọ aṣọ iléèwé tán, á gbé omi lọ bọ́jú fún un. Mo ṣì rántí bó ṣe ń rùn. Ìyàwó rẹ̀ kó jáde. Nígbà tó gbà láti padà, ó ní, "Ọjọ́ tí ọtí bá tún kan ọ̀fun yín, ẹ má wá mi o." Ọdún mọ́kànlá rèé, omi lásán ni ẹ̀gbọ́n mi ń mu.

Lọ́yà kan dé lọ́dún yìí pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ méjì. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń tú ẹrù wọn ni ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, èló làwọn ọlọ́tí yẹn ń fún yín?" Ẹ̀gbọ́n mi rí ìgò kékeré kan nínú báàgì, ó yọ ọ́ sílẹ̀, àṣé ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Kẹ́ẹ̀gì funfun mẹ́rin wà nílẹ̀ níbẹ̀. Lọ́yà ní omi ilé àwọn ni, pé kò sí omi mìíràn tí inú ìyàwó òun gbà. Ta ló ń yẹ omi wò? Èmi náà ni mo tò wọ́n ti kẹ́ẹ̀gì tiwa, wọ́n sì jọra bí ìbejì.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀fìnkìn dí mi nímú. Láti àárọ̀ làwọn àlejò wa ti ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rin ní ìgbáàyà. Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀kan nínú wọn bì sínú abọ́ tí mo fi ń ṣan ẹ̀fọ́. Kò bẹ̀ mí, ó kàn fi ẹsẹ̀ tì í sọ́dọ̀ mi. Mo ní bóyá ìgbì ló ń yí i nínú, mo sì fọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rí mi lára.

Kò pẹ́ sí i tí afẹ́fẹ́ fi le. Tí afẹ́fẹ́ bá le, ọwọ́ kan ẹ̀gbọ́n mi á wà lórí ìtọ́kọ̀, ìkejì á di okùn ìgbòkun mú, kò sì ní gbé ojú kúrò lókè. Tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, á kàn ní, "Omi," èmi á gbé ife sí i lẹ́nu bí ẹni ń fún ọmọdé. Bí a ṣe ń ṣe é láti ọdún pípẹ́ nìyẹn. Mo da omi láti inú kẹ́ẹ̀gì tó sún mọ́ mi, mo gbé e sí i lẹ́nu. Ó gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyókù dà sí i láyà.

"Kí lo fún mi?"

Mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó ta mí. Jíìnì pọ́ńbélé ni.

Lọ́yà bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ti jẹ̀gbádùn. Ẹ ò ní sanwó, ọ̀fẹ́ ni." Ìyàwó rẹ̀ tí inú rẹ̀ kò gba omi mìíràn bá a rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìn àlejò, kò sí èyí tó kó mi nírìíra tó ẹ̀rín yẹn. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo dà wọ́n sómi. Lọ́yà ní òun á gbé mi lọ sí kóòtù. Mo ní kó gbé òkun náà dání, òun ló mu ún.

Ẹ̀gbọ́n mi yí ọkọ̀ padà sílé, ó ń tutọ́ sómi títí a fi gúnlẹ̀. Nígbà tí àwọn yẹn ti kó ẹrù wọn lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so ọkọ̀ mọ́ òpó, okùn ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ilé tó ń lọ.

Mo ní, "Bọ̀dá mi, èmi ni mo dà á, èmi ni mo gbé e sí yín lẹ́nu. Mo máa tẹ̀lé yín délé, mo máa ṣàlàyé fún ìyàwó yín fúnra mi. Wọ́n tàn wá ni. Ìyàwó yín ò ní dá yín lẹ́bi."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e mì," ló wí.

"Mo rí i, Bọ̀dá mi."

"Ti àkọ́kọ́, mi ò mọ̀." Kò wo ojú mi. "Ti ìkejì, mo mọ̀."