Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀ Akute Tí Mo Fi Pa Mọ́ fún Bàbá Túndé

Ó dìgbà o, Bàbá Túndé! Ó dìgbà tí èmi náà bá palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Ẹ lọ, ilé sì dákẹ́ bí ilé tí ayálégbé ti kó jáde. Àwọn ọmọ ti kọ tiwọn sínú ìwé ìsìnkú yìí. Wọ́n ní bàbá rere ni yín, wọ́n ní ẹ kì í pẹ́ dé ibi ìsìn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irọ́ ni èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, orin ìkẹyìn ni a sábà ń bá. Èmi kò mọ̀wé. Ẹnu mi ni mo fi ń sọ tèmi, Bùnmi ọmọ Túndé sì ń kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín kí wọ́n tó da erùpẹ̀ bò yín. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ọkọ̀ tí ẹ kọ́kọ́ rà fún àwọn tó wá bá wa ṣọ̀fọ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò bá a láyé.

Rẹ́wáyà ni ẹ jẹ́, iná ọkọ̀ ni ẹ ń tún ṣe. Láti Ikire ni a ti wá. Yàrá kan la gbà ní Ibafo kí a tó kọ́lé sí Mowe, àtíbàbà tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ sì wà létí títì ní Asese. Òyìnbó kan tí ẹ máa ń bá tún ọkọ̀ ṣe ń padà sí ìlú rẹ̀, ó sì ta ọkọ̀ rẹ̀ fún yín. Ọkọ̀ asáré ni, pupa, ilẹ̀kùn méjì, ìjókòó méjì. Ó rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní láti bẹ̀rẹ̀ bí ìyàwó tó fẹ́ kí ìyakọ rẹ̀. Aṣọ ni òrùlé rẹ̀. Ẹ ó ká a sẹ́yìn bí ẹni ká ẹní, orí wa á sì wà níta gbangba.

Mo bi yín nígbà náà pé, "Ọmọ mẹ́rin, ìjókòó méjì. Ta la máa gbé, ta la máa fi sílẹ̀?"

Ẹ ní, "Èmi àti ìwọ. Àwọn ọmọ á wọ bọ́ọ̀sì."

Ẹ wá fún un ní oríkì mi, Àbẹ̀kẹ́. Mo ní mi ò fẹ́. Ẹ ní ohun tó bá ti rẹwà lójú yín, orúkọ kan ṣoṣo ni ẹ ní fún un. Ọ̀rọ̀ dídùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni ẹ ń fọ Àbẹ̀kẹ́ yẹn, ẹ kò sì fọ àwo kan rí fún Àbẹ̀kẹ́ yìí.

Ní ọjọ́ Sátidé, tí ẹ bá ti ti àpótí irinṣẹ́ yín pa, a ó gba títì márosẹ̀ láti Asese lọ sí Ibafo, a ó ra àgbàdo sísun, a ó sì padà. Kò sí ibì kankan tí a ń lọ. Àwọn ọmọdé Ibafo á máa pariwo lé wa pé, "Bàbá, òrùlé yín ti fò lọ o!" Ẹ̀yin náà á kígbe dá wọn lóhùn pé, "Ó lọ pe bàbá yín wá!" Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni atẹ́gùn ká gèlè mi lọ. Ẹ dúró, ẹ fẹsẹ̀ rìn padà lọ mú un, tírélà sì ti gùn ún mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, fìlà abetí-ajá yín ni mo ń dé, tí mo ń fi ìborùn so ó mọ́ àgbọ̀n. Mo jọ ọdẹ. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọkọ̀ wọ gọ́tà. Tí òjò bá ká wa mọ́, àwa méjèèjì á máa bá òrùlé jà létí títì títí a ó fi rin gbindin. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́ tó bá ya. Èmi kì í ṣe ẹni tí nǹkan ń tètè dùn mọ́, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn dùn mọ́ mi. Mi ò sọ ọ́ fún yín nígbà náà. Ẹ̀ bá ti gbéra ga.

Típà tó kó yanrìn ló pa á. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà, ẹ ń jẹun lọ́wọ́ ní òdìkejì, típà náà fi ẹ̀yìn rìn wá, ó gùn ún. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Awakọ̀ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú yanrìn. Ẹ ní, "Dìde. Irin ni, kì í ṣe ènìyàn." Ẹ délé, ẹ kò jẹun. Ní ọjọ́ kejì, ẹ ní, "Màá wá òmíràn tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́."

Wíwá yẹn ni ẹ wá sọ di iṣẹ́. Wẹ́dà kan ní Ibafo ránṣẹ́ pè yín pé òun ti rí i. A débẹ̀, irú ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń gùn ni, ayùn ló fi gé òrùlé rẹ̀ kúrò. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣáà ní aláìlórùlé lẹ ń fẹ́." Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kò padé mọ́, nítorí pé ọkọ̀ náà ti tẹ̀ láàárín. Ẹ ní, "Ọmọ mi, ẹran tí o ti bẹ́ lórí, o fẹ́ kí n máa gùn ún lọ sílé?" Ó ní tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, òun lè jó òrùlé náà padà.

Ìgbà náà ni ẹ rántí Mùtíù, ọ̀rẹ́ yín láti kékeré, tó ti pẹ́ ní Kano kó tó padà wá máa ta àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ifo. Ó bá wa ṣe ìgbéyàwó, ó mọ oríkì mi, ṣùgbọ́n kò fojú kan ọkọ̀ náà rí. Ẹ pè é lórí fóònù, mo ń gbọ́ yín láti ilé ìdáná: "Mùtíù, Àbẹ̀kẹ́ ti lọ o. Típà ló pa á. Bá mi wá òmíràn lágbègbè yín, kó kéré, kí ara rẹ̀ dán, kó má tíì rìn jìnnà." Mo gbọ́, mi ò rò ó síbì kankan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹkún ni mo gbọ́ lẹ́nu géètì. Mo ṣí i. Mùtíù nìyí, ó kó búrẹ́dì dání. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú wà lẹ́yìn rẹ̀, ó lé tìróò. Mùtíù rí mi, ó ké "Láìláhà!", búrẹ́dì bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀, ó sì sá dé ojú títì.

Mo ní, "Mùtíù, padà wá. Òkú ń kí ọ."

Àbúrò rẹ̀ kò sá. Ó wọlé, ó jókòó, ó jẹ iyán tán, ó sì tún bèèrè ẹran. Ẹ̀yin wà nínú yàrá, ẹ ń fi ìrọ̀rí bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀, ẹ kò lè jáde.

Ìtìjú yẹn ló jẹ́ kí Mùtíù wá ọkọ̀ bí ẹni wá ọmọ tó sọnù. Òun ló rí ti Akute. Ìyá Ṣadé ni wọ́n ń pe ẹni tó ni ín. Ọkọ rẹ̀ ló kú fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, ó sì ń bẹ lẹ́yìn ilé lábẹ́ aṣọ. Irú tiwa gẹ́lẹ́ ni, àfi pé ó ní àwọ̀ ewé. Àwa mẹ́ta la jọ lọ. Ẹ fi ọwọ́ pa á lára láti iwájú dé ẹ̀yìn, jẹ́jẹ́. Ẹ wá yíjú sí mi, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Àbẹ̀kẹ́, wò ó, pupa náà ni."

Bàbá Túndé, àwọ̀ ewé ni.

Mùtíù wò mí, èmi náà wò ó. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi àwọn ọmọṣẹ́ yín pé èwo ni pupa nínú àwọn wáyà tó wà lọ́wọ́ yín. Mo rò pé ẹ ń dán wọn wò ni.

Nígbà tí ẹ ṣí iwájú ọkọ̀ tí ẹ ń yẹ bátìrì wò, mo fa Ìyá Ṣadé sí ẹ̀yìn kànga. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo lè bí i. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún ọkọ mi. Ojú rẹ̀ ti ń lọ. Orí márosẹ̀ ló máa gbé e gbà lọ sílé."

Ó ní, "Yé! Mà, ẹ dìde. Kí ni kí n wá sọ fún wọn?"

"Ohun tó bá wù yín. Ẹ ṣáà má dárúkọ mi."

Ó padà lọ bá yín, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ọkàn mi kò tíì kúrò lára ọkọ̀ ọkọ mi."

Ẹ ní, "Ó yé mi, ọmọ mi. Lọ́jọ́ tó bá kúrò, ẹ ránṣẹ́ sí mi."

Láti ọjọ́ náà ẹ kò wá òmíràn mọ́. Ti Akute ni ẹ ń dúró dè. Gbogbo ọdún Àjíǹde ni ẹ ń rán Mùtíù lọ kí obìnrin náà. Tí fóònù bá dún, ẹ ó ní, "Bóyá Akute ni." Ojú yín ṣú pátápátá, ẹ kò ṣíwọ́ dídúró. Mo ń jókòó tì yín lábẹ́ igi máńgòrò, mo ń yọ eegun ẹja fún yín, mi ò sì sọ ọ́. Kì í ṣe pé ẹ̀rù yín bà mí. Ohun tí ẹ ń retí ló ń gbé yín dìde láàárọ̀. Mo ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín, ṣé kí n tún gba èyí?

Ṣé mo kábàámọ̀? Rárá. Tí a bá tún lọ sí Akute lónìí, n ó tún kúnlẹ̀. Orí ibùsùn yín ni ẹ kú sí, ẹsẹ̀ yín wà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe abẹ́ tírélà.

Ohun tó mú mi sọ ọ́ nìyí. Ìyá Ṣadé kú lẹ́yìn ọdún tuntun, a kò sì jẹ́ kí ẹ gbọ́. Ó ti ṣáájú yín dé ọ̀run. Mo mọ̀ yín: ẹ ó bèèrè ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó bèèrè omi mímu. Olóòótọ́ obìnrin ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló purọ́ fún yín, nítorí tèmi sì ni. Níbi tó wà yìí, kò ní lè pa irọ́ kejì. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu rẹ̀ ni ẹ ti máa gbọ́ ọ. Ẹnu mi ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́.

Ẹ má bá a jà. Iṣẹ́ tí mo rán an ló jẹ́. Tí inú bá bí yín, ẹ gbé ìjà náà kalẹ̀ dè mí, n ó wá bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sinmi ná. Ẹ ti wá nǹkan títí, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ di ojú yín. Ẹ sùn re o, ọkọ mi.